Onígbàjámọ̀ Tí Kì í Kánjú

Gbogbo ará òkè Baguio tó mọ Melanio onígbàjámọ̀ ló mọ ìtàn olè tó gé irun fún. Ṣùgbọ́n Consorcia ìyàwó rẹ̀ nìkan ló lè sọ ọ́ dáadáa, nítorí ìkòkò rẹ̀ ni olè náà wá gbé.

Ọjọ́ Ìsinmi ni. Consorcia ti lọ sí Mísà. Melanio kò lọ, ó ní orúnkún ń dun òun. Orúnkún yẹn kì í dùn ún lọ́jọ́ mìíràn. Bí ìyàwó rẹ̀ ṣe yí kọ́nà báyìí ló wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ tó wà ní iwájú ilé, ó gbé àwo orin rẹ̀ sórí ẹ̀rọ, ó jókòó sórí àpótí, ó sì di ojú.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan gba ẹ̀yìnkùlé wọlé. Ó gbé ìkòkò tí Consorcia fi ń se ìrẹsì, èyí tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fún un lọ́jọ́ ìgbéyàwó. Ajá ti wá dúró sí ẹ̀yìnkùlé nígbà tó fẹ́ jáde, ló bá ní kí òun gba ṣọ́ọ̀bù kọjá. Ó dé àárín ṣọ́ọ̀bù, pákó ilẹ̀ dún lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀.

Melanio kò lajú. "Jókòó," ló wí. "Ẹsẹ̀ rẹ ń dí orin lọ́wọ́."

Jìnnìjìnnì mú olè, ó jókòó. Àga kan ṣoṣo tó rí jókòó sí ni àga ìgérun. Nígbà tó ṣe, Melanio lajú, ó rí orí kan tí irun kún bí igbó lórí àga rẹ̀. Kò béèrè ẹni tó ni ín. Ó ta aṣọ funfun bò ó láti ọrùn dé orúnkún, ó so ó lẹ́yìn, ó sì mú sísọ́ọ̀sì.

Orin tó kẹ́yìn ló ń lọ lọ́wọ́ nígbà tí Consorcia àti àwọn obìnrin Ẹgbẹ́ Rósárì wọlé dé.

"Ta nìyí?"

"Oníbàárà ni. Ẹ rọra sọ̀rọ̀."

"Kí ló wá wú sí i níkùn lábẹ́ aṣọ yẹn?"

Omijé ń dà lójú olè wẹ̀rẹ̀wẹ̀rẹ̀. Consorcia ká aṣọ sókè, ó sì bá ìkòkò rẹ̀ pàdé lórí itan ọmọ ọlọ́mọ.

"Lakay!" ló figbe ta. Bí wọ́n ṣe ń pe bàbá àgbà lọ́dọ̀ wọn nìyẹn, bẹ́ẹ̀ náà ni ìyàwó ṣe ń pe ọkọ tó bá pẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀; Baket ni irú ọkọ bẹ́ẹ̀ fi ń pe ìyàwó. "Olè lò ń gé irun fún!"

Melanio wo ìkòkò, ó wo orí, ó tún wo ìyàwó rẹ̀. "Ṣé kí n wá dá a dúró láàbọ̀ ni, Baket? Ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ṣì kù."

Bí olè ṣe jáde nìyẹn láìmú ìkòkò, pẹ̀lú orí tó dára jù lọ tó gbé rí láyé rẹ̀. Nígbà tí irun náà tún hù, ó padà wá, iwájú ilé ló gbà lọ́tẹ̀ yìí. Abner lorúkọ rẹ̀. Oko sitirọ́bẹ́rì ló ti wá ń ṣiṣẹ́ báyìí, kò sì sí ẹni tó mọ orin àwo náà tó o àfi Melanio fúnra rẹ̀.

Àwo yìí ńkọ́? Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́ta kan láti orí òkè wọ̀nyẹn ló ṣe é. Wọ́n ṣe ẹyọ kan yẹn tán, ni kálukú bá túká. Angep ni wọ́n pè é, ìyẹn kùrukùru, kùrukùru sì bo àwòrán ara páálí àwo náà débi pé èèyàn kò rí orí ẹni tó ń ta gìtá. Orin àwọn baba ńlá wọn ni wọ́n mú, wọ́n fi gìtá oníná àti ìlù òyìnbó sí i, wọ́n sì wá fà á bí ẹni ń fa òkú màlúù gun òkè. Orin mẹ́jọ ló wà níbẹ̀, kò sì sí ẹni tó rí ohun tó ń wá nínú mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ. Ẹni tó súnmọ́ ọn jù ni ọkùnrin tí ajá rẹ̀ sọnù. Òun rí ṣéènì.

Melanio ní orin tó bá parí kí kọfí èèyàn tó tutù, ariwo lásán ni. Lórí ẹ̀rọ tirẹ̀, láàárín ọ̀rọ̀ kan àti èyí tó tẹ̀ lé e, èèyàn lè se ẹyin, kó bó o, kó sì jẹ ẹ́.

"Lakay," oníbàárà kan bi í lọ́jọ́ kan, "àbí olórin yìí ti sùn lọ ni?"

"Kò sùn. Ó ń ronú ọ̀rọ̀ tó kàn."

Bí orin bá ṣe ń lọ ni sísọ́ọ̀sì ń lọ. Apá kìíní àwo fún ẹ̀gbẹ́ òsì orí, apá kejì fún ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún. Láàárín méjèèjì, Melanio á gbé sísọ́ọ̀sì sílẹ̀, á di ọwọ́ sẹ́yìn, á dúró. Ó ní ìdákẹ́jẹ́ yẹn wà lára orin. Akọ̀wé ìjọba kan wọlé tọ̀ ọ́ wá pẹ̀lú ìkánjú.

"Ẹ bá mi yára, Bàbá. Mo ní ìpàdé pẹ̀lú àwọn ọ̀gá láti Manila."

"Ẹ sọ fún olórin."

Ẹ̀gbẹ́ òsì parí, Melanio di ọwọ́ sẹ́yìn. Akọ̀wé dúró, dúró, inú bí i, ó já aṣọ funfun dànù, ó dé fìlà lé ààbọ̀ orí, ó lọ. Wọ́n ní ó fi fìlà náà jókòó dáadáa ní ìpàdé títí wọ́n fi ní kó bá wọn gbàdúrà ìparí. Ó ṣí fìlà. Kò sí ẹni tó rántí ṣe Àmín.

Ọ̀rọ̀ yẹ̀rì wá ni èyí tí Consorcia kì í fẹ́ kí wọ́n dá, tí òun fúnra rẹ̀ sì máa ń dá. Rọ́bà tó ń yí ẹ̀rọ àwo náà, tó ti dẹ̀ láti ọjọ́ tí Melanio ti ra ẹ̀rọ ọ̀hún ní àlòkù, já, ó wá irú rẹ̀ káàkiri ọjà, kò rí. Ó dákẹ́. Ó yẹ kí dídákẹ́ rẹ̀ ti kó ìyàwó rẹ̀ láyà sókè.

Ní ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, Consorcia wọ yẹ̀rì rẹ̀ tó dára jù sábẹ́ aṣọ, ó gba ṣọ́ọ̀ṣì lọ. Ó wà lórí ìlà àwọn tó fẹ́ gba Ara Kristi nígbà tó rí i pé nǹkan kan ń sọ̀ kalẹ̀ ní ìdí òun, díẹ̀díẹ̀. Ó pa orúnkún pọ̀. Ó ń rìn bí ìyàwó tuntun. Ó dé iwájú Fáda. Bó ṣe ní "Àmín" báyìí, okùn tí wọ́n fi ń di búrẹ́dì, tí Melanio fi rọ́pò rọ́bà yẹ̀rì, já. Yẹ̀rì balẹ̀ wọ̀ọ̀ sí ẹsẹ̀ pẹpẹ.

Consorcia kò wo ọ̀tún, kò wo òsì. Ó jáde nínú yẹ̀rì, ó mú un nílẹ̀, ó ká a dáadáa, ó fi sí abíyá, ó tẹ orí ba, ó sì padà sí àyè rẹ̀ bí ẹni tó mú un wá fún ìbùkún. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni Ìyá Saturnina, àgbà Ẹgbẹ́ Rósárì, fà á sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó sì rọra bi í pé, "Consorcia, ẹ̀jẹ́ wo lo jẹ́ tí wọ́n fi ń bọ́ yẹ̀rì?"

Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà gan-an, ilé ló kọ́kọ́ fi ìbínú gbà. "Lakay! Rọ́bà yẹ̀rì mi dà?"

Melanio kò sá. Ó nawọ́ sí ẹ̀rọ, níbi tí àwo ti ń yí jẹ́jẹ́, ohùn olórin sì wà níbẹ̀ bí ẹni tó wà nínú kànga.

"Gbọ́," ló wí. "Gbọ́ bó ṣe ń lọ, Baket. Ìwọ lò ń yí i."

Consorcia ti pinnu pé òun á bínú títí di Ìsinmi tó ń bọ̀. Kò bínú ju ìgbà tí kọfí hó lọ.

Láti ìgbà náà ni rọ́bà yẹn ti ń yí àwo. Bí ọdún ṣe ń gorí ọdún ni rọ́bà ń dẹ̀, tí orin ń fà sí i. Nítorí pé díẹ̀díẹ̀ ló ń fà, kò sí ẹni tó fura nínú ilé.

Nígbà tí Marivic, ọmọ wọn obìnrin, mú Reynante wálé láti Manila pé ọkọ tí òun yóò fẹ́ nìyí, Melanio kò bi í léèrè iṣẹ́, kò bi í léèrè ìdílé. Ó gbé àwo sórí ẹ̀rọ. Reynante jókòó láìmira láti orin kìíní títí dé ìkẹjọ, nígbà tó sì parí, omi ń ṣàn lójú rẹ̀ dé àgbọ̀n. Melanio dìde, ó dì mọ́ ọn. "Fẹ́ ẹ," ló wí. "Tìrẹ ni." Àkọ́bí Reynante àti Marivic ti ń lọ ilé ẹ̀kọ́ kí Reynante tó jẹ́wọ́ fún Consorcia pé bàtà tuntun ló ń fún òun lẹ́sẹ̀ lọ́jọ́ náà, òun kò sì gbọ́dọ̀ mira.

Ìgbà òtútù ni Melanio kú, lórí ibùsùn rẹ̀, ó ti gba òróró mímọ́, kò sì kánjú síbẹ̀ náà. Fáda wá ẹ̀ẹ̀mejì. Ní ìgbà kejì, Melanio bẹ̀ ẹ́ pé kó má bínú. Ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ ló dì mú nígbà tó ku àwọn méjèèjì.

"Lọ́jọ́ ogójì," ló wí, "tí mo bá wá ń lọ pátápátá, gbé àwo mi sí i. Kí n fi ẹsẹ̀ rìn ín. Má jẹ́ kí wọ́n lé mi lọ."

"Mo ti gbọ́."

"Ṣèlérí."

"Mo ṣèlérí. Sinmi, Lakay."

Nígbà tí ọjọ́ ogójì pé, ọjọ́ tí ẹ̀mí òkú ń kí ilé pé ó dìgbà bí Jésù Olúwa wa ṣe gòkè re ọ̀run, ilé kún lọ́sàn-án. Wọ́n se pansit, wọ́n gbé àkàrà ìrẹsì jáde, kọfí ń rú èéfín. Ẹgbẹ́ Rósárì ti jókòó. Consorcia ṣí ìdérí ẹ̀rọ. Rọ́bà ti já sí méjì, ó gbẹ bí ewé.

Àyà rẹ̀ já pẹ̀lú rẹ̀. Ìlérí kan ṣoṣo tí ọkọ rẹ̀ gbà lọ́wọ́ rẹ̀ nìyí.

"Ẹ má dààmú, Nanang," Reynante wí. Ìyá ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Ó mú rọ́bà tuntun jáde nínú àpò, ojúlówó, èyí tí wọ́n ṣe fún irú ẹ̀rọ yẹn gan-an. Ó ti wá a káàkiri Manila láti fi yẹ́ bàbá ìyàwó rẹ̀ sí. Ó fi sí i, ó gbé abẹ́rẹ́ lé àwo.

Orin bẹ̀rẹ̀. Gbogbo ilé wo ara wọn. Olórin tí wọ́n mọ̀ sí àgbàlagbà, ohùn ọ̀dọ́ ló ń jáde lẹ́nu rẹ̀. Gìtá ń sáré bí ẹni tí ajá ń lé.

"Ta nìyí?" Abner béèrè láti ẹnu ọ̀nà.

"Àwo kan náà ni," ni Reynante wí. Inú rẹ̀ ń dùn, kò tíì wo ojú ẹnikẹ́ni. "Bí wọ́n ṣe kọ ọ́ gan-an nìyí. Orin pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni, àmọ́ rọ́bà yẹ̀rì ló sọ ọ́ di ẹkún. Bàbá kò gbọ́ ọ bó ṣe yẹ rí. Ó ti wá tọ́ báyìí."

"Kí ló tọ́ níbẹ̀?" Abner wí. "Ká ní báyìí ló ṣe kọ ọ́ lọ́jọ́ tí mo wá, ẹ gbà mí gbọ́, Nanang, mi ò bá ti gbé ìkòkò yẹn lọ."

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Consorcia kò rẹ́rìn-ín. Ohun tó ń rí ni ọkọ rẹ̀ tó ń sáré gun òkè ọ̀run, orúnkún tó ń dùn ún, tí àwọn kan sì ń tì í lẹ́yìn.

"Pa á," ló wí.

Ó wọ yàrá, ó ti ilẹ̀kùn. Wọ́n dúró. Nígbà tó jáde, ọwọ́ òsì rẹ̀ di aṣọ rẹ̀ mú ní ìbàdí, rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan sì ń mì dirodiro ní ọwọ́ ọ̀tún.

"Ti inú yẹ̀rì tó wà lára mi ni. Ó ti dẹ̀. Ó ti rẹ̀ ẹ́ bó ṣe rẹ èmi náà. So ó mọ́ ọn."

"Nanang, kò ní tọ́ o."

"Kò tọ́ rí, ọmọ mi. So ó."

Reynante so ó. Àwo yí lẹ́ẹ̀kan, ó ṣiyèméjì, ó tún yí. Ohùn náà wálẹ̀, ó wálẹ̀, títí ó fi dé ìsàlẹ̀ kànga tí wọ́n mọ̀ ọ́n sí. Abner mí kanlẹ̀, ó sì bọ́ fìlà. Marivic gbé orí lé ọkọ rẹ̀ léjìká, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń nu ojú.

Consorcia dúró sí ẹ̀gbẹ́ àga ìgérun, rósárì ní ọwọ́ kan, yẹ̀rì ní ọwọ́ kejì. Ìyá Saturnina, tó ti di arúgbó kùjọ́kùjọ́, na ọrùn sí i.

"Consorcia," ló sọ sí i létí, "ṣé ẹ̀jẹ́ ọ̀hún náà tún ni?"

"Ẹ̀jẹ́ ni, Ìyá," ló dáhùn.

Kọfí tutù nínú gbogbo ife, kò sì sí ẹni tó dìde.