Àpáta Tí Ojú Rẹ̀ Wà Lẹ́yìn

Ẹ jẹ́ kí n tètè jẹ́wọ́: mi ò dé Abuja rí, ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mo sì fi parọ́ pé mo mọ ibẹ̀.

Ọdún 1992 ni ó bẹ̀rẹ̀, nílé ẹ̀kọ́ kan ní Ẹ̀gbẹ́dá tí mo ti ń ṣe tíṣà. Mo ń ya àpáta Zuma tó wà lẹ́nu ọ̀nà Abuja sójú pátákó, mo ya ojú àti ẹnu sí i lára bí ìwé ṣe wí, ni akẹ́kọ̀ọ́ kan bá nawọ́: "Sà, ṣé ẹ ti débẹ̀?" Èmi tí mo ti Ìkẹ́rẹ́ wá sí Èkó, tí mi ò kọjá ilẹ̀ Yorùbá rí, mo ní, "Lẹ́ẹ̀mejì." Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Ó dùn mọ́ mi débi pé mo gbé irọ́ náà lọ bá Ọláyẹmí, nọ́ọ̀sì tí mo ń dẹnu ìfẹ́ kọ nígbà náà. Ó gbà mí gbọ́, ó sì fẹ́ mi. Títí di òní, bí ìpàdé onílé àdúgbò wa bá ń sọ̀rọ̀ ọ̀nà tó bàjẹ́, èmi, Tíṣà Dáramọ́lá, ni mo máa dìde pé, "Ẹni tó bá ti rí títì Abuja..." Wọ́n á sì dákẹ́ fún mi.

Lọ́dún yìí, nígbà tí ìyàwó mi náà fẹ̀yìn tì ní ọsibítù Igando, ó ní kí a fi mọ́tò wa rìnrìn àjò. A sùn ní Ìkẹ́rẹ́, a sùn ní Lokoja, ọjọ́ kẹta wá di ti Abuja.

"Ẹ̀yin lẹ mọ ibẹ̀, Bàbá Pẹ̀lúmi," ló wí. "Ẹ mú mi rìn ká."

Ohun kan ṣoṣo tí mo ń bẹ Ọlọ́run fún ni kí Ọláyẹmí má mọ̀. Bó bá mọ̀ pé irọ́ ni mo fi bẹ̀rẹ̀, kí ló tún kù tí mo sọ tó máa gbà gbọ́?

A ti kọjá Gwagwalada nígbà tí mo rí àpáta ńlá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Mo dúró.

"Zuma nìyí," ni mo wí.

Ó sọ̀kalẹ̀, ó wò ó títí. "Ojú rẹ̀ dà?"

"Ó wà lẹ́yìn."

Kò bá mi jiyàn. Ó ní kí n dúró kí òun yà mí ní fọ́tò. Mo fọwọ́ lé ìbàdí níwájú àpáta tí kò lójú tí kò lẹ́nu, bí ẹni pé èmi ni mo gbé e síbẹ̀.

Nígbà tí a wọ ìlú, ó ní òun lè tan máàpù orí fóònù. Mo ní kí la fẹ́ fi máàpù ṣe? Mo fẹ́ mú un lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ńlá tí kò jìnnà sí mọ́ṣáláṣí tí orí rẹ̀ ń dán bíi wúrà. A rí mọ́ṣáláṣí náà lápá ọ̀tún, a rí i lápá òsì, a tún rí i lẹ́yìn wa, ṣùgbọ́n ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì kò yọjú. Nígbà kẹta tí a kọjá níwájú ọkùnrin kan tó ń ta ọsàn, ó juwọ́ sí wa bí ará ilé.

"Wọ́n ti tún ìlú yìí ṣe látìgbà tí mo wá," ni mo ń wí. Títì tó dá mi lójú jù lọ parí sẹ́nu géètì kan, sójà sì ní kí n yí padà. Mo ń làágùn bí ẹ́sì mọ́tò ṣe ń fẹ́ tútù tó.

"Bàbá Pẹ̀lúmi, ó tó gẹ́ẹ́. Ẹ bọ́ sílẹ̀ jàre, ẹ jẹ́ n wà á."

Kò tan máàpù, kò bi ẹnikẹ́ni. Ó gba ọ̀nà Zuba, ó kọjá ibẹ̀, ni àpáta kan bá yọ sí wa. Ọrùn dùn mí kí n tó rí orí rẹ̀. Ojú wà níwájú rẹ̀, ẹnu náà sì wà níbẹ̀.

"Báwo lo ṣe mọ ọ̀nà?"

"Ìpàdé àwa nọ́ọ̀sì, 2011. Ọjọ́ mẹ́rin la lò. Fọ́tò èmi àti àpáta yìí ló wà lókè tẹlifíṣọ̀n wa ní pálọ̀."

Ọdún mẹ́rìnlá ni mo fi ń wo bọ́ọ̀lù lábẹ́ fọ́tò yẹn. Mo rò pé Olúmọ ni.

"Mi ò débí rí," ni mo wí. "Irọ́ ni mo pa fún ẹ."

"Mo ti mọ̀ láti Gwagwalada. Ojú wà lẹ́yìn!" Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Nígbà tó ṣe, ẹ̀rín náà tán. "Irọ́ yẹn kọ́ ló dùn mí. Lọ́dún yẹn, mo ń ronú ohun tí màá sọ fún yín títí mo fi délé. Mo ní àwa méjèèjì la ti rí i, a ó jọ máa sọ ọ́. Mo wọlé, mo ní mo rí Zuma. Ẹ ní, 'Ẹn-hẹ́n, mo mọ ibẹ̀ dáadáa,' ẹ wá yí ohùn tẹlifíṣọ̀n sókè."

Mi ò rántí ọjọ́ náà, ṣùgbọ́n mo mọ ara mi. Ẹ̀rù ló bà mí kó má bi mí ní ìbéèrè. Ojú tì mí gan-an. Nítorí irọ́ tí mo pa fún ọmọdé kan, mo pa ìyàwó mi lẹ́nu mọ́ fún ọdún mẹ́rìnlá.

"Jọ̀ọ́, sọ ọ́ fún mi báyìí."

A jókòó sínú mọ́tò, a ṣí ọ̀rá ẹ̀pà tí a rà ní Lokoja.

"Ọjọ́rú la débí," ló bẹ̀rẹ̀. "Oṣù Kejì ni, òjò sì ń rọ̀..."

"Òjò kẹ̀? Níbí? Lóṣù Kejì? Kò lè rí bẹ́ẹ̀. Ìwé tí mo fi kọ́ àwọn ọmọ—"

Ó yíjú sí mi. Mo bu ẹ̀pà ẹ̀kúnwọ́ kan, mo kì í sẹ́nu títí ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi fi wú, mo wá juwọ́ sí i pé kó máa sọ ọ́ lọ.