Omi Tó Wọ Àjà Ilẹ̀ Ilé Wa

Mo kéré nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, n kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́wàá. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé Ìbà àti Òkòkòmáíkò lónìí, tó jẹ́ pé ilé lórí ilé lẹ mọ̀, ó lè ṣòro fún yín láti gbà pé oko àgbọn ló pọ̀ jù níbẹ̀ nígbà náà, àti pé láti ẹ̀yìnkùlé wa ní Ọ̀jọ́, a máa ń gbóòórùn ọ̀sà bí afẹ́fẹ́ bá ti fẹ́.

Bàbá bàbá mi ló kọ́ ilé wa, sórí ibi tó ga díẹ̀. Epo pupa ni wọ́n ń tà fún àwọn Òyìnbó oníṣòwò, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní kí wọ́n gbẹ́ yàrá kan sábẹ́ ilé, kí àgbá epo lè rí ibi tútù jókòó sí. Àjà ilẹ̀ là ń pè é. Nígbà tí mo fi máa gbọ́njú, kò sí epo níbẹ̀ mọ́, àpò gàrí ìyá mi ló kún ibẹ̀. Gàrí yẹn ni ìyá mi ń tà, òun náà là ń jẹ.

Obìnrin Ègùn kan ń gbé yàrá ẹ̀yìn pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ méjì. Opó ni. Ọkọ rẹ̀, apẹja, ti bá omi lọ lápá Àgbádárìgì, ló bá wá háyà yàrá lọ́wọ́ bàbá mi. Aṣọ ló ń fọ̀ fún àwọn èèyàn, a kò sì mọ orúkọ mìíràn tí à bá pè é ju Ìyá Alágbàfọ̀ lọ. Láti àárọ̀ ni ẹ ó ti bá a nídìí báàfù, tí omi ti sọ awọ ọwọ́ rẹ̀ di híhunjọ. Omi tó bá fi fọṣọ a máa gba inú gọ́tà kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ilé kọjá lọ sínú igbó.

Lọ́dún kan, lẹ́yìn òjò ńlá bíi mẹ́ta, ìyá mi sọ̀kalẹ̀ lọ bu gàrí, ni wọ́n bá figbe ta. Omi ti wọ àjà ilẹ̀. Àpò mẹ́rin tó wà nísàlẹ̀ ti rin, wọ́n ti bu, wọ́n ń rùn. A gbọ́n omi náà jáde, a nu ilẹ̀ gbẹ. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, omi ti tún dé.

Bàbá mi pe gbogbo ilé jọ. Wọ́n ní, "Ta ló ń da omi sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri?"

Èmi ni mo dáhùn. Mo ní, "Mo rí Ìyá Alágbàfọ̀. Wọ́n da omi báàfù síbẹ̀."

Òótọ́ ni, mo rí i. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni, lọ́jọ́ tí gìrì mú àbígbẹ̀yìn rẹ̀, tó da gbogbo omi náà nù síbi tó dúró sí, tó sáré wọlé. N kò sọ ìyẹn. Inú mi ń dùn pé àwọn àgbà dákẹ́ láti gbọ́ tẹnu mi.

Bàbá mi gba ẹ̀yìnkùlé lọ pẹ̀lú ìbínú. "Ìwọ obìnrin yìí, o fẹ́ wó ilé bàbá mi! Kí oṣù yìí tó parí, kó ẹrù rẹ."

Ó kúnlẹ̀. "Bàbá, kì í ṣe omi mi."

"Ọmọ mi fojú ara rẹ̀ rí ọ!"

Obìnrin náà gbójú sókè wò mí. Mo sá wọlé.

Ìyá mi ni kò jẹ́ kó parí síbẹ̀. Wọ́n ní, "Bàbá wa, bí a bá lé e lọ tí omi kò bá dá, ta la ó tún lé?" Wọ́n ránṣẹ́ sí Ìbà, sí arúgbó bíríkìlà kan.

Bíríkìlà náà kò gbé òòlù tàbí ṣọ́bìrì wọlé. Àkísà àti eérú ni wọ́n béèrè fún. Wọ́n nu ògiri àjà ilẹ̀ gbẹ, wọ́n fọ́n eérú gbígbẹ sí i láti òkè dé ilẹ̀, wọ́n wá jókòó sórí àtẹ̀gùn pẹ̀lú fìtílà. Bàbá mi béèrè ohun tí wọ́n ń wò.

"Sùúrù, ọmọ mi. Ibi tí eérú yóò ti kọ́kọ́ dúdú ni mò ń wò."

Kò pẹ́ púpọ̀, àmì dúdú kan tí kò ju èékánná lọ yọ ní igun kan. Ó ń gbòòrò bí a ti ń wò ó. Gọ́tà ìfọṣọ gba òkè igun náà kọjá. Bàbá mi ní, "Ṣé ẹ ti rí i báyìí?"

Ìgbà náà ni Ìyá Alágbàfọ̀ sọ̀kalẹ̀ wá, ó mú búlúù, ìyẹ̀fun bí aró tó fi ń fọ aṣọ funfun, dání nínú bébà. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kí n po èyí mọ́ omi, kí n dà á sí gọ́tà. Tó bá jẹ́ tèmi ló ń wọlé, ẹ ó rí i." Báàfù mẹ́ta ló dà sí i. A dúró títí oòrùn fi rọ̀. Bíríkìlà ki aṣọ funfun bọ inú omi àjà ilẹ̀, wọ́n fún un, wọ́n gbé e síta. Funfun ló wà.

"Ó ku tánkì," ni wọ́n wí.

Ojú bàbá mi yí padà. Tánkì sìmẹ́ńtì ńlá tó ń gba omi òjò láti orí páànù ni, nígun kan náà. Bàbá mi fọwọ́ ara wọn mọ ọ́n ni, kò sì sí àlejò tí wọn kì í fi hàn. Wọ́n ní tánkì náà kò lè jò. Ìyá mi ní kí wọ́n da búlúù sínú rẹ̀, kí ọ̀rọ̀ tán.

Ìyá Alágbàfọ̀ ló kọ̀. "Omi mímu yín ni, Ìyá. Ẹ fi èédú sàmì síbi tí omi dé, kí ẹnikẹ́ni má bù ú dọ̀la."

Ní ọjọ́ kejì, omi ti lọ sílẹ̀ ju àmì èédú lọ ní ìwọ̀n ìka mẹ́rin. Bàbá mi dúró lórí àkàbà, wọn kò sọ̀kalẹ̀ bọ̀rọ̀.

A ní láti kó omi tánkì dà kí wọ́n tó lè tún un ṣe. Gbogbo ìkòkò wa kò gbà á. Ìyá Alágbàfọ̀ kó báàfù àti dúrọ́ọ̀mù rẹ̀ wá, ohun tó fi ń jẹun, kò sì fọṣọ fún ọjọ́ mẹ́ta. Bíríkìlà rí ibi tí ìsàlẹ̀ tánkì ti là, tín-ín-rín bí irun. Wọ́n gbẹ́ ẹ fẹ̀, wọ́n di í pẹ̀lú sìmẹ́ńtì, wọ́n rẹ́ ẹ, wọ́n fi àpò tútù bò ó kó má baà yára gbẹ kó tún là. Wọ́n di igun àjà ilẹ̀ náà pẹ̀lú. Omi dá.

Bàbá mi kò rán ọmọ kankan. Wọ́n fi ẹsẹ̀ ara wọn lọ sẹ́nu ọ̀nà obìnrin náà lójú gbogbo ilé, wọ́n ṣí fìlà. "Ẹ jọ̀ọ́, mo ṣẹ̀ yín. Ẹ má kó lọ." Láti ọjọ́ yẹn títí tó fi tọ́ ọmọ rẹ̀ méjèèjì yanjú nínú yàrá náà, n kò gbọ́ kí wọ́n fi "ìwọ" pè é mọ́.

Tèmi le jù. Mo bá a nídìí aṣọ, mo jẹ́wọ́ pé mo mọ̀ pé ara ọmọ rẹ̀ kò yá lọ́jọ́ tó da omi náà. Ó fún omi aṣọ ọwọ́ rẹ̀ tán kó tó dáhùn. Ó ní, "Ohun tí o rí lo sọ. Ṣùgbọ́n bí o bá ń sọ̀rọ̀ ẹlòmíràn, máa sọ ọ́ tán." Ó wá ní kí n bá òun di etí aṣọ kejì mú.

Ẹ̀yin ọmọ mi, a ti fi yanrìn dí àjà ilẹ̀ náà pa tipẹ́. N kò ní sọ pé ayé ìgbà yẹn sàn jù, torí ọ̀rọ̀ ọmọdé kan fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ opó di aláìnílé. Lónìí, ìwé àti òfin wà tí ayálégbé lè gbé dání. Ṣùgbọ́n nígbà náà, bí o bá ṣẹ ará ilé rẹ, ẹ̀yìnkùlé kan náà lẹ ó tún ti pàdé láàárọ̀, kò síbi tó o fẹ́ gbé ojú sí, àfi kó o bẹ̀bẹ̀. Báyìí, oníkálukú ní ilẹ̀kùn tirẹ̀ àti ẹ̀rọ omi tirẹ̀. Èèyàn méjì lè bá ara wọn yan odì nínú ilé kan títí ọ̀kan yóò fi kó lọ, láìmọ ẹni tó jẹ̀bi.