Káàdì Tó Dé Ẹ̀yìn Pẹpẹ

Ọdún mọ́kàndínlógún ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Abọ́sẹ̀dé, fi ṣọ́ fáìlì ní iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ kan l'Ábùjá. Ìwé kan ò sọnù lọ́wọ́ rẹ̀ rí. Ọ̀gá yòówù tó bá fẹ́ mú fáìlì jáde, á kọ́kọ́ fọwọ́ sí i. Ẹni tínú bá ń bí, kó máa bínú lọ. Ìwé kan ṣoṣo tó yọ̀ǹda láìjanpata, tirẹ̀ ni.

Káàdì ọsibítù ni. Nígbà kan tó lo oògùn ibà tó ní èròjà tí wọ́n ń pè ní sọ́fà (sulfa) nínú, ètè rẹ̀ bó, ìléròrò sì bo àyà rẹ̀. Dókítà fi bírò pupa kọ ọ́ sórí káàdì pé kò gbọ́dọ̀ fẹnu kan irú oògùn bẹ́ẹ̀ mọ́ láyé. Ọdún mẹ́fà ni káàdì yẹn fi wà nínú báàgì rẹ̀. Ìgbà tí ìjọ wọn ní Bwari wá ṣe ìsọjí, pásítọ̀ ní kí oníkálukú kó ìwé àìsàn rẹ̀ wá síbi pẹpẹ. Ó mú tirẹ̀ lọ, ó fi í sílẹ̀ níbẹ̀, ó jẹ́rìí pé òun ti bọ́ lọ́wọ́ àìsàn, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un.

Lóṣù kẹjọ tó kọjá, ibà kọlù ú. Èmi ni mo sìn ín lọ sí kẹ́mísì. Ọmọbìnrin tó ń ta oògùn bi í dáadáa.

"Mọ́mì, ṣé oògùn kankan wà tí ara yín ò gbà?"

"Kò sí o," ni ẹ̀gbọ́n mi wí. "Jésù ti parí ẹ̀."

Mo mọ òótọ́ ibẹ̀, mo sì dákẹ́. Mi ò fẹ́ kó pè mí ní aláìgbàgbọ́ lójú èèyàn. Ojo ni mí lọ́jọ́ yẹn, inú sì ń bí mi sí ara mi di òní.

Oògùn tó ní sọ́fà ni wọ́n tà fún un. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹta tó lò ó, awọ ara rẹ̀ ń ṣí bí èèpo ẹ̀wà tí wọ́n rẹ fún mọ́ínmọ́ín. Omi ò gba ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀. Ojú méjèèjì di egbò. Dókítà ní ẹ̀mí lè dúró, àmọ́ òun ò lè ṣèlérí ojú. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún la fi wà ní ọsibítù. Ẹ̀mí dúró, ojú lọ.

Ọjọ́ tí a ń palẹ̀ ẹrù mọ́ ni ìyàwó pásítọ̀ wá kí i. Ó mú káàdì náà dání, wọ́n ti fi ọ̀rá wé e, kò tilẹ̀ ká létí. Ó ní bóyá àwọn nọ́ọ̀sì á fẹ́ rí i. Ẹ̀pà ò bóró mọ́!

Ẹ̀gbọ́n mi fọwọ́ pa á níwá lẹ́yìn, ó nà án sí mi.

"Akínjídé, kà á fún mi."

Mo rọra kà á.

"Sókè," ló wí. "Bó ṣe yẹ kó o sọ ọ́ ní kẹ́mísì."