Ìròyìn Aago Mọ́kànlá

Èmi ni mo nawọ́ sókè, kò sẹ́ni tó fi dandan mú mi. Akọ̀wé ẹgbẹ́ àwa wọnlẹ̀wọnlẹ̀ béèrè ẹni tí yóò yọ̀ǹda ara rẹ̀ láti máa kọ ohun tí wọ́n bá sọ ní àpérò wa sórí búlọ́ọ̀gù ẹgbẹ́, kí àwọn tí kò lè wá lè rí i kà. Kò tíì dákẹ́ tí ọwọ́ mi fi lọ sókè. Mo fẹ́ kí orúkọ mi máa wà níwájú ẹgbẹ́. Ìgbéraga ni, mo mọ̀.

Òtẹ́ẹ̀lì kan ní Lẹ́kí ni a ti ṣe àpérò náà, ọjọ́ mẹ́ta gbáko. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n fi ọ̀rọ̀ méjì sí aago mẹ́wàá kan náà, ọ̀kan ní gbọ̀ngàn ńlá ìsàlẹ̀, ìkejì nínú yàrá kékeré kan lókè. Bàbá àgbà kan tó ti ń wọn ilẹ̀ ní Ìbẹ̀jú-Lẹ́kí láti ìgbà tí ibẹ̀ ṣì jẹ́ igbó ló fẹ́ sọ̀rọ̀ lókè, nípa àwọn òkúta ààlà tí òkun ti gbé mì. N kò pàdé Bàbá rí, àmọ́ wọ́n ti fi ọ̀rọ̀ wọn ránṣẹ́ sí mi ṣáájú, látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Kí ni mo tún ń dúró dè? Mo kọ ìròyìn náà sílẹ̀ kí ọjọ́ tó pé, mo sì ṣètò rẹ̀ kó jáde fúnra rẹ̀ ní aago mọ́kànlá. Ìsàlẹ̀ ni èmi jókòó sí ní tèmi.

Ká ní mo dúró lórí ohun tí Bàbá kọ nìkan, ì bá sàn. Ṣùgbọ́n ìròyìn tí kò níyọ̀, ta ni yóò kà á? Mo ní Bàbá fi etí bùbá nu gíláàsì ojú wọn kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Mo ní ẹnì kan bi wọ́n ní ìbéèrè, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní bí àwọn bá kúrò níbẹ̀, etíkun Ẹlẹ́kọ tààrà làwọn ń lọ, àwọn fẹ́ wo ibi tí òkun dé.

Bàbá kò wá. Wọ́n ti kú lẹ́yìn ìrun àsùbáà ọjọ́ náà, lórí ẹní tí wọ́n fi kírun nínú ilé wọn. Àwọn tó gòkè bá ilẹ̀kùn ní títì, wọ́n sì rọra sọ̀ kalẹ̀ wá bá wa. Ìrọ̀lẹ́ ni mo tó gbọ́, àwọn èèyàn sì ti ń kọ èsì sábẹ́ ìròyìn mi. Ẹnì kan ní ọ̀rọ̀ Bàbá wọ òun lára. Òmíràn, tí n kò mọ̀ títí dòní, ní ẹ̀yìn pátápátá lòun jókòó sí, pé òun bọ Bàbá lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n parí, ọwọ́ wọn sì tutù gan-an. Orí mi wú. Èmi tí mo pa irọ́, n kò kọ ọ́ pé wọ́n bọ ẹnikẹ́ni lọ́wọ́.

Mo pa ìròyìn náà rẹ́ kíá. Mo rò pé ibẹ̀ ló parí sí, bí ẹni pé n kò mọ̀ pé ẹyin lohùn.

Lẹ́yìn àdúrà ọjọ́ kẹjọ Bàbá, ọmọbìnrin wọn pè mí lórí fóònù.

“Ẹ má bínú sà, ẹ̀yin lẹ kọ nípa dádì mi ní kọnfurẹ́ǹsì yẹn, àbí?”

Mo ní èmi ni.

“Ẹnì kan fi í ránṣẹ́ sí fóònù màmá mi lọ́jọ́ yẹn, wọ́n sì kà á sà. Wọ́n ní ẹni tó ń fi bùbá nu gíláàsì yẹn, ọkọ àwọn ni, kò sẹ́lòmíì. Wọ́n ní dádì ti di àkúdàáyà. Ìgbà tí nǹkan tẹ́ ẹ kọ wá pòórá lórí fóònù, wàhálà dé! Màmá ní ṣé a rí i báyìí, àkúdàáyà kì í dúró níbi tí wọ́n bá ti dá a mọ̀. Wọ́n ní àwọn ò ní ṣe opó ọkọ tó ṣì ń rìn. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń mú fótò dádì kiri òtẹ́ẹ̀lì ní Ẹlẹ́kọ. Wọn ò jẹun, wọn ò tíì sunkún. Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé lóòótọ́ lẹ rí dádì mi?”

Ojú lọ̀rọ̀ wà, mo ní kó jẹ́ kí n wá bá wọn ní Ẹlẹ́kọ.

Ọjọ́ kejì, mo wọkọ̀ láti Jákáńdè tí mò ń gbé. Ní Ajah, bàbá kan dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ó ń fi etí bùbá nu gíláàsì rẹ̀. Irú wọn pọ̀ l'Ékòó, mo mọ̀. Síbẹ̀ n kò bojú wẹ̀yìn.

Ọ̀sán gangan ni mo dé Ẹlẹ́kọ. Màmá jókòó sí etí ọkọ̀ ojú omi kan tí wọ́n fà gun yanrìn, ọmọ wọn dúró tì wọ́n. Màmá rẹ́rìn-ín sí mi.

“Ìwọ lo rí i. Jókòó, ọmọ mi. Aṣọ wo ló wọ̀?”

Ọlọ́run mọ̀ pé mo ti fẹ́ dárúkọ aṣọ kan. Mo dọ̀bálẹ̀ lórí yanrìn gbígbóná.

“Màmá, n kò rí wọn. Irọ́ ni mo pa. Èmi ni mo fi gíláàsì kún un, èmi náà ni mo fi Ẹlẹ́kọ kún un. Mo ti kọ ọ́ sílẹ̀ kí ọjọ́ ọ̀hún tó pé.”

Ọ̀rọ̀ ọwọ́ tútù yẹn, n kò sọ ọ́. N kò mọ ibi tí ǹ bá ti bẹ̀rẹ̀.

Ó wù mí kí wọ́n bú mi. Wọn kò bú mi. Ọmọ wọn ni wọ́n yíjú sí.

“Aago mọ́kànlá ọjọ́ yẹn, níbo ló wà gan-an?”

“Ilé ni, Màmá. Wọ́n ń wẹ òkú dádì nígbà yẹn. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ lọ mú aṣọ funfun wá.”

“Èmi ni,” Màmá ní. “Èmi náà ni.”

Ìgbà yẹn ni wọ́n ké. Ọmọ wọn dì wọ́n mú, òun náà ń sunkún. Mo wà lórí ìdọ̀bálẹ̀ níbẹ̀, n kò mọ ìgbà tó yẹ kí n dìde.