Bàtà Bọ́ọ̀lù Tí Bàbá Wa Rán

Ọmọ ọmọ mi kan ra bàtà bọ́ọ̀lù ní Yábàá lọ́sẹ̀ tó kọjá. Mo béèrè iye rẹ̀, ó sọ ọ́ fún mi, mo ní kó tún un sọ, nítorí mo rò pé etí mi ló tún ti ṣe tirẹ̀. Bí ẹ bá kó owó yẹn fún bàbá mi nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ọ́, kíá ni ì bá ti ìsọ̀ rẹ̀ pa tí ì bá sì gba Mẹ́kà lọ. Láyé ìgbà náà, tọ́rọ́ la fi ń wọ pápá lọ wo bọ́ọ̀lù. Sísì ni ti ẹni tó bá fẹ́ jókòó sórí bẹ́ǹṣì lábẹ́ ìbòòji. Ẹni tó bá ní ṣílè kan lápò lọ́jọ́ Sátidé lè mú ọ̀rẹ́ kan dání, kí àwọn méjèèjì wo bọ́ọ̀lù, kí wọ́n jẹ àkàrà, kí wọ́n sì wọ bọ́ọ̀sì padà sí Mushin. Ẹsẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wa fi ń rìn padà ṣá, nítorí ṣílè ọ̀hún gan-an ni kò sí.

Bàtà bọ́ọ̀lù kò sí nínú ohun tí a ń rà. Kì í ṣe pé a kò rí i rí. A ń rí i lẹ́sẹ̀ àwọn òyìnbó, a sì ń rí i lẹ́sẹ̀ àwọn díẹ̀ nínú wa tó ń ṣe bí òyìnbó. Ẹsẹ̀ lásán làwa fi ń gbá bọ́ọ̀lù, pẹ̀lú báńdéèjì funfun tí a wé mọ́ ọrùn ẹsẹ̀. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n gbá nígbà náà, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ ló fi ń gbọ́ ohun tí bọ́ọ̀lù ń sọ.

Ẹ̀gbọ́n mi mọ̀ ọ́n gbá. Ọdún méjì ló fi jù mí lọ. Iléeṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń tún ẹ̀rọ ṣe lọ́nà Yábàá ló gbà á síṣẹ́. Wọ́n ní iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa fi òróró sẹ́nu ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n gbogbo wa la mọ̀ pé ẹsẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n gbà. Èmi náà jẹ́ akọ̀wé kékeré níbẹ̀, mo ń dúró de àyè ní yunifásítì. Nítorí pé mo lè sáré, wọ́n fi mí sí wíńgì òsì nínú ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù iléeṣẹ́ náà. Kí n sáré dé igun pápá, kí n gbé bọ́ọ̀lù lọ síbi tí ẹ̀gbọ́n mi bá wà, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Òun ni yóò ṣe ìyókù.

Ní sáà tí mò ń sọ yìí, ó gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n lọ́jọ́ tí a bẹ̀rẹ̀ líìgì. Ó tún gbá a wọlé lọ́sẹ̀ kejì, àti lẹ́yìn ìyẹn. Kò sẹ́ni tó kà á sí títí ọyẹ́ fi dé. Lọ́jọ́ kan tí ọyẹ́ bolẹ̀ tí a kò rí òpó góòlù láti àárín pápá, mo gbé bọ́ọ̀lù sókè, n kò tilẹ̀ mọ ibi tó balẹ̀ sí. Ariwo àwọn èrò ló sọ fún mi pé ẹ̀gbọ́n mi ti rí i. Lọ́jọ́ mìíràn, ibà ń ṣe é. Ìyá wa fi aṣọ bò ó lórí ẹní, ó ní kò ní lọ síbì kankan. Nígbà tí ìyá wọ ilé ìdáná, ẹ̀gbọ́n mi gba ẹ̀yìnkùlé jáde, ó wá sí pápá, ó fi orí kan bọ́ọ̀lù wọlé, ó sì lọ bì lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó. Ọ̀kan tún wà tó jẹ́ pé rẹfirí ti gbé fèrè sẹ́nu láti parí eré. Ẹ̀gbọ́n mi fi àtàǹpàkò ẹsẹ̀ gbé bọ́ọ̀lù yẹn gorí aṣọ́lé wọn, jẹ́jẹ́, bí ẹni ń ṣí ìdérí ìkòkò kí ọbẹ̀ má baà dànù.

Ìgbà yẹn làwọn àgbà pápá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́. Wọ́n ní kò tíì sí ẹni tó jẹ góòlù ní gbogbo ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ líìgì náà rí, láti àkọ́kọ́ dé ìkẹyìn. Wọ́n dárúkọ àwọn akọni àtijọ́, wọ́n ní ó ku ìgbà kan fún èyí, ó ku ìgbà méjì fún tọ̀hún, òjò ló ba ti ẹnì kan jẹ́. Tí ẹ̀gbọ́n mi bá ń rìn kọjá ní Mushin, àwọn ènìyàn á máa wo ẹsẹ̀ rẹ̀ kí wọ́n tó wo ojú rẹ̀.

Aṣọ́lé wa, ọkùnrin Ìjẹ̀bú kan tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe, kì í jẹ́ ká gbádùn. "Ẹ̀yin ará Mushin," á máa pariwo, "ẹ má jẹ́ kí ẹsẹ̀ yìí tẹ ìgò o! Ẹ pọ̀n ọ́n!"

"Ìwọ ni kó o pọ̀n mí," ẹ̀gbọ́n mi á dáhùn. "Ṣebí ìwọ lò ń dúró lójú kan láti àárọ̀."

Ẹnì kan ṣoṣo ni kò sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Bàbá wa ni.

Aránbàtà ni bàbá wa. Ìsọ̀ rẹ̀ wà níwájú ilé wa ní Mushin, àwọn tíṣà àti akọ̀wé ló sì ń rán bàtà fún. Ẹ̀gbọ́n mi ni àkọ́bí, òun ló yẹ kó gba ìlu tí a fi ń lu awọ, àti òòlù, lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti kọ́ iṣẹ́ náà, ó tiẹ̀ mọ̀ ọ́n ju bó ti yẹ lọ. Lọ́jọ́ tó fi ìsọ̀ sílẹ̀ nítorí bọ́ọ̀lù, bàbá kò bá a jà. Ó kàn ní, "Ó dáa." Láti ìgbà náà, ìkíni nìkan ló kù láàárín wọn. Ẹ kú àárọ̀, ó dàárọ̀. Àwọn ẹlẹ́gbẹ́ bàbá ní mọ́ṣáláṣí sì ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n á ní, "Aránbàtà, ọmọ ẹ mà tún sáré lẹ́sẹ̀ lásán lánàá! Ṣé awọ tán ní ìsọ̀ ni?" Bàbá á rẹ́rìn-ín, á sì wálé wá mú òòlù rẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ tó ṣíwájú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ìkẹyìn, mo jí lówùúrọ̀ mo rí bàbá lórí ìkúnlẹ̀ níbi tí a ti ń ṣe àlùwàlá. Ẹ̀gbọ́n mi ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò níbẹ̀ ni. Ẹsẹ̀ rẹ̀ tó tutù ti ya àmì sórí sìmẹ́ǹtì, bàbá sì ń fi ṣọ́ọ̀kì tọ etí rẹ̀ kí oòrùn tó gbẹ ẹ́. Ó rí mi, ó fi ìka sẹ́nu. Inú mi dùn lọ́jọ́ yẹn, n kò lè purọ́. Mo rò pé ìjà ti parí.

Lẹ́yìn ìrun ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀, ó pe ẹ̀gbọ́n mi sí ìsọ̀. Èmi náà tẹ̀ lé e.

"Wọ́n ní ọ̀la lẹ máa parí ẹ̀," bàbá ní.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Wọ́n ní o ò tíì tàsé rí."

"Ọlọ́run ló ṣe é, Bàbá."

Bàbá na ọwọ́ sábẹ́ tábìlì, ó fa ìdì kan jáde. Bàtà bọ́ọ̀lù ni. Awọ dúdú ni, ó ń dán bí omi kànga. Rírán rẹ̀ tò bíi ti ẹ̀rọ. Àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ́ awọ onípele mẹ́ta tí ó kàn pọ̀, nítorí aránbàtà gidi ni bàbá, ó sì gbà pé bàtà tó dára gbọ́dọ̀ nípọn, kó le, kó pẹ́. Gbogbo ohun tó mọ̀ nípa bàtà ló kó sínú rẹ̀. Nípa bọ́ọ̀lù, kò mọ nǹkan kan.

"Gbà," ó ní. "Ọmọ aránbàtà kì í lọ gbẹ̀yẹ lẹ́sẹ̀ lásán. Mo máa wá wò ẹ́."

Ẹ̀gbọ́n mi dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ó pẹ́ nílẹ̀. Ìyá wa dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó fi etí gèlè nu ojú.

Nígbà tí a wọ yàrá, mo ní, "Ẹ ò ní wọ̀ ọ́, àbí?"

"Kí n gbé e lọ́wọ́ wọ pápá ni, bí ẹni ń polówó ọjà?"

"Ẹ wọ̀ ọ́ wọlé, kí ẹ bọ́ ọ kí rẹfirí tó fọn fèrè."

"Níṣojú bàbá?" Ó yí bàtà náà padà lọ́wọ́, ó tẹ àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀, kò tẹ̀. "Ṣé o mọ iye ọdún tí wọn ò ti bá mi sọ̀rọ̀ tó tó èyí?"

Bàbá wá lóòótọ́. Aṣọ ọdún ló wọ̀. Ó san sísì, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì iwájú, lápá ibi tí mo ti ń sáré. Aṣọ́lé wa rí ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n mi, ó ní, "Ta ló kú? Kí lẹsẹ̀ ṣe tí wọ́n fi sin ín?"

"Bàbá mi ló rán an," ẹ̀gbọ́n mi dáhùn.

Ọkùnrin náà wo bẹ́ǹṣì, ó wo bàtà. "Bàtà náà dáa," ó ní. "Ó dáa gan-an ni." Ó sì lọ sójú ilé rẹ̀. Láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n, ìgbà kan ṣoṣo nìyẹn tí mo rí i tí kò rí ẹ̀fẹ̀ ṣe.

Bọ́ọ̀lù kò gbọ́ ti ẹ̀gbọ́n mi mọ́. Mo gbé e fún un, ó ta mọ́ ọn lẹ́sẹ̀ bí ẹni pé ó ta mọ́ ògiri. Ó yí, ilẹ̀ dì í mú. Ó sáré, àwọn tó máa ń fi sẹ́yìn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kò pẹ́ tí àwọn èrò fi bẹ̀rẹ̀ sí í kígbe, "Bọ́ ọ! Bọ́ bàtà! Bọ́ ọ!"

Mo wà nítòsí bẹ́ǹṣì. Mo gbọ́ tí bàbá béèrè lọ́wọ́ ẹni tó jókòó tì í pé, "Kí ni wọ́n ń wí?"

Ọkùnrin náà kò mọ̀ ọ́n. Ó ní, "Ẹ ò rí pákó tó wọ̀ sẹ́sẹ̀ ni, Bàbá? Ẹni tó fún un ní bàtà yẹn, ọ̀tá rẹ̀ ni."

Bàbá fi ọwọ́ méjèèjì di etí bẹ́ǹṣì mú.

Ní ìdajì kejì, ọwọ́ ọ̀kan nínú wọn kan bọ́ọ̀lù tí mo gbé wọlé, rẹfirí sì fún wa ní pẹ́nátì. Kò tíì sí góòlù lójú pápá. Gbogbo ènìyàn dìde. Ẹ̀gbọ́n mi gbé bọ́ọ̀lù sílẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ mọ́ bàtà rẹ̀. Pápá hó, wọ́n rò pé ó fẹ́ bọ́ ọ. Okùn rẹ̀ ló fà le. Ó gbójú sókè sí bẹ́ǹṣì, ó sáré wá, ó gbá a. Bọ́ọ̀lù gba orí igi òkè kọjá, ó kọjá ọgbà, a gbọ́ tí ẹnì kan ń bú wa lójú títì.

Kí eré tó parí, bọ́ọ̀lù kan já bọ́ síwájú mi nínú rúdurùdu, mo pa ojú dé, mo gbá a, ó wọlé. Góòlù kan ṣoṣo tí mo jẹ ní gbogbo sáà náà nìyẹn. Òun la fi gba ife. Wọ́n gbé mi sókè. Láti èjìká àwọn ènìyàn, mo wo bẹ́ǹṣì, bàbá kò sí níbẹ̀ mọ́.

Nígbà tí a délé, ó jókòó ní ìsọ̀, kò ṣe nǹkan kan. Ẹ̀gbọ́n mi kúnlẹ̀.

"Ṣé ó há ọ lẹ́sẹ̀ ni?" bàbá béèrè.

"Rárá, Bàbá. Ó bá mi mu régí. Oòrùn ló wọ̀ mí lójú."

"Oòrùn."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

Bàbá kàn mi orí. Ẹ̀yìn ẹ̀gbọ́n mi ni oòrùn wà lọ́jọ́ náà, àwọn méjèèjì sì mọ̀.

Ó rọrùn láti gba ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Sátidé yẹn. Ohun tó tẹ̀ lé e ni n kò tíì rí gbà títí dòní. Nígbà tí sáà tuntun bẹ̀rẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi tún wọ bàtà náà. A bẹ̀ ẹ́. Aṣọ́lé wa tiẹ̀ jí i gbé pamọ́, ó sì wá a kàn. Mo bínú, mo ní, "Kí lẹ fẹ́ fi ara yín dà? Ẹ bọ́ ọ!"

"Tí mo bá bọ́ ọ," ó ní, "tí mo sì jẹ góòlù, kí ni Bàbá máa sọ pé ó fà á tí mo fi tàsé lọ́jọ́sí?"

Mo jáde síta.

Kò jẹ góòlù mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan ni, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Kí sáà tó dé àárín, wọ́n yọ ọ́ nínú ẹgbẹ́. Nígbà tó sì jẹ́ pé ẹsẹ̀ ni wọ́n gbà síṣẹ́, iṣẹ́ náà bọ́. Ó padà sí ìsọ̀ bàbá, ó jókòó sórí àpótí tí wọ́n ti fi sílẹ̀ dè é fún ọdún púpọ̀, ó mú ìlu. Ohun tí bàbá ti ń tọrọ lọ́wọ́ Ọlọ́run nìyẹn. Mo máa ń rí wọn nírọ̀lẹ́ tí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, ìyá ti gbé oúnjẹ sílẹ̀ fún wọn, ó ń tutù. Bàbá kò lè wo ojú rẹ̀. Tí ẹ̀gbọ́n mi bá gbé bàtà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí fún un kó yẹ̀ ẹ́ wò, á ní, "Ó dáa," á sì yára gbé e sílẹ̀. Ìgbà tí mo wà ní yunifásítì ni wọ́n ránṣẹ́ sí mi pé bàbá ti kú. Ẹ̀gbọ́n mi ló gbé e sínú sàréè. Àwọn méjèèjì kò sọ ọ̀rọ̀ pápá yẹn fún ara wọn títí ọjọ́ ikú fi dé.

Ìyá wa tẹ̀ lé bàbá lẹ́yìn ọdún díẹ̀. Aṣọ́lé wa kú sí Ìjẹ̀bú, wọ́n ní ó ṣì ń ṣẹ̀fẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì. Ọkùnrin tó ṣe olórí ẹgbẹ́ wa ti kú, àwọn tó gbá àárín ti kú, èyí tó gbá wíńgì ọ̀tún lọ sókè òkun, a kò sì gbúròó rẹ̀ mọ́. Ẹ̀gbọ́n mi kú ní Ìpọ̀nrí, nílé ọmọ rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ti wú kó tó lọ. Nínú gbogbo àwa tó gbá bọ́ọ̀lù lọ́jọ́ náà, ẹni tó gbá ẹ̀yìn lápá ọ̀tún ló kù, àti èmi. Ìlúpéjú ló ń gbé lọ́dọ̀ ọmọbìnrin rẹ̀. Iyè rẹ̀ ti ra, ṣùgbọ́n ọmọ náà máa ń bá a pè mí lórí fóònù. Ìbéèrè kan náà ló máa ń bi mí: "Ẹ̀gbọ́n ẹ ńkọ́, ṣé ó padà jẹ góòlù ní gbogbo ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ sáà yẹn?"

Mo máa ń sọ fún un pé, "Ó jẹ ẹ́ o. Gbogbo ẹ̀ ló jẹ, kò tàsé ọ̀kan."