Omi Àlùwàlá Lórí Ìtàkùn Ànàmọ́

Ní ọdún kan, kò tíì pẹ́ púpọ̀ tí a gba òmìnira, iná ìgbẹ́ jó oko wa lọ́nà Akínmọ̀rìn. Ọkọ mi ti wà lórí ẹní láti ìgbà ọyẹ́. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, kò lè dá rìn. Ànàmọ́ ni a fi ń bọ́ àwọn ọmọ nígbà tí iṣu bá ti tán tí tuntun kò sì tíì dé. Ìtàkùn tí ǹ bá gbìn nígbà òjò sì ti jóná. Mo tọrọ títí dé Ìmíní, mo dé Ìwarè. Gbogbo wọn ní ọ̀gbẹlẹ̀ ti pa tiwọn.

Ẹyọ ìtàkùn kan ṣoṣo ló kù, lẹ́yìnkùlé wa ní Fìdítì, níbi tí a ti ń ṣe àlùwàlá. Omi tí a fi ń wẹ ẹsẹ̀ fún ìrun ló mú un wà láàyè. Ìyá ọkọ mi kọ́ mi bí a ṣe ń sọ ọ́ di púpọ̀: kí n tẹ oríkèé ìtàkùn mọ́ ilẹ̀, kí n bu iyẹ̀pẹ̀ lé e, kí n fi òkúta tẹ̀ ẹ́, kí n má sì gé e kúrò lára ìyá rẹ̀ títí yóò fi ta gbòǹgbò.

Mo tẹ ẹ̀ka rẹ̀ púpọ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ara mi kò gbà á láti dúró. Kò tíì pé ọ̀sẹ̀ kan tí mo fi gé ìdajì wọn, mo lọ gbìn ín sétí odò pé ilẹ̀ ibẹ̀ tutù. Ní ọjọ́ kẹta, gbogbo rẹ̀ ti gbẹ. Mo jókòó tì í, mo sunkún.

Lẹ́yìn náà ni kànga wa gbẹ. Àfáà ní kí a máa fi iyẹ̀pẹ̀ ṣe àlùwàlá. Odò jìnnà, Ìyá ló ń ṣọ́ ìkòkò omi. Mo bẹ̀ wọ́n fún igbá omi kan péré tí n ó bu sí ìtàkùn tó kù.

“Ìyàwó, ṣé ewé ni àwọn ọmọ rẹ yóò mu?”

Ewé ìtàkùn ti ń ká. Ní ọ̀sán ọjọ́ náà ọkọ mi pè mí.

“Gbé mi lọ sẹ́yìnkùlé. Mú bùtà àlùwàlá dání.”

“Ṣebí àfáà ní kí ẹ fi iyẹ̀pẹ̀ ṣe é.”

“Kò sọ pé omi ti di èèwọ̀.”

Ìyá pariwo láti inú ilé: “Ọkọ mi, o ò lè dìde jẹun, o wá fẹ́ máa wẹ̀ bíi pẹ́pẹ́yẹ!”

Ọkọ mi jókòó lórí òkúta, ó na ẹsẹ̀ rẹ̀ tó wú sórí àwọn ìtàkùn, omi sì ń kán sórí oríkèé wọn. Ìgbà náà ló yé mi. Ta ni yóò fi omi ìrun du aláìsàn?

“Ṣé Ọlọ́run kò ní bínú sí wa?”

“Ṣé n kò ní kírun ni?”

Bẹ́ẹ̀ la ń ṣe é lójoojúmọ́, títí di ọjọ́ tí n kò lè gbé e dìde mọ́. Nígbà tó di àkókò Àlàásárì ọjọ́ náà, mo jókòó sínú yàrá. N kò fẹ́ rí i bí àwọn ìtàkùn yóò ṣe kú. Mo gbọ́ tí omi ń dà. Mo yọjú. Ìyá, tí wọ́n ti ń fi iyẹ̀pẹ̀ ṣe tiwọn láti ìgbà tí kànga ti gbẹ, ló jókòó lórí òkúta ọmọ wọn, wọ́n ń wẹ ẹsẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n kọ́ wa nílé kéwú pé kí a wẹ ẹsẹ̀. Ti Ìyá ti kọjá ẹ̀ẹ̀márùn-ún.

“Ìyá, ẹsẹ̀ yín kò tíì mọ́ ni?”

“Ẹsẹ̀ arúgbó, ìdọ̀tí rẹ̀ pọ̀.”

Òjò rọ̀ lẹ́yìn tí a ti sin ọkọ mi. Ìyá ní kí n rọra fa ìtàkùn ọ̀kọ̀ọ̀kan wò kí n tó mú ọ̀bẹ. Èkíní tẹ̀ lé mi lọ́wọ́, kò ní gbòǹgbò. Èkejì náà bẹ́ẹ̀. Mo fa ẹ̀kẹta. Ilẹ̀ dì í mú.

Mo ní, “Àlùhámúdúlílàhì,” mo sì tún un fà, kí n lè dá ara mi lójú.

Ìyá na èèkù ọ̀bẹ sí mi kí n fi gé e.