Ìdákẹ́ Ògúnwọlé Onídà

Wẹ́dà ni Ògúnwọlé. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lẹ́bàá títì ní Ìkàrẹ́, níbi tó ti ń ṣe géètì àti irin ojú fèrèsé. Ṣùgbọ́n Ọ̀kà ni ilé rẹ̀, ní àdúgbò kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Ẹsẹ̀-Òkè, níbi tí àpáta ti dúró sẹ́yìn àwọn ilé bí àgbàlagbà tó ń ṣọ́ ọmọ. Níbẹ̀, kò sẹ́ni tó ń pè é ní wẹ́dà. Onídà ni wọ́n ń pè é, nítorí ìdílé rẹ̀ ló ń tọ́jú idà àdúgbò náà.

Bí wọ́n bá fẹ́ fi Baálẹ̀ tuntun jẹ ní Ẹsẹ̀-Òkè, ẹni náà yóò tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, wọn yóò gbé obì kan lé e, Onídà yóò sì fi idà là á sí méjì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bí ẹ̀jẹ̀ bá jáde, àwọn baba ńlá ti kọ ẹni náà nìyẹn. Bí kò bá jáde, Onídà yóò gbé idà náà yí ìta ká lẹ́ẹ̀méje kó tó dá a padà sínú àkọ̀. Láti ìgbà tí idà bá ti jáde títí yóò fi wọlé, Onídà kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀. Bó bá fọhùn, oyè náà di òfo, idà yóò sì kúrò ní ìdílé rẹ̀ títí ayé.

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni Ògúnwọlé nígbà tí bàbá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ pípọ́n ló máa ń là lórí ewé kókò, ewé kò sì gbọdọ̀ ya. Bí tanpẹ́pẹ́ bá ta á lẹ́sẹ̀ tó bá ké, wọn á tún un bẹ̀rẹ̀.

Bàbá rẹ̀ a ní, “Alápatà náà mọ̀ ọ́n gé. Ibi tí o bá ti dá ọwọ́ dúró, tí o sì pa ẹnu mọ́, ibẹ̀ la ti ń mọ onídà.”

Ó kọ́ ọ yé. Nígbà tí bàbá náà fi máa kú, ewé kì í ya mọ́, Ògúnwọlé kì í sì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ níbikíbi.

Tíṣà ni Gbémisọ́lá ní Ìkàrẹ́. Fèrèsé kíláàsì rẹ̀ tó jábọ́ ló gbé e wá sí ṣọ́ọ̀bù Ògúnwọlé, ọdún kẹta sì ti pé tí àwọn méjèèjì ti ń fẹ́ra.

“Onídà, ṣé o tiẹ̀ lẹ́nu?” Gbémisọ́lá a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́. “Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, bí pásítọ̀ bá bi ọ́ bóo fẹ́ mi, ṣé orí lo máa mì?”

“Màá sọ̀rọ̀.”

“Ọ̀rọ̀ mélòó?”

“Ẹyọ kan. Ó ti tó.”

Obìnrin náà a rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú rẹ̀. Àmọ́ bàbá rẹ̀, Olóyè Fágbèmí, kì í rẹ́rìn-ín sí ọ̀rọ̀ náà. Òun ni olórí àwọn afọbajẹ, kò sì rí wẹ́dà bí ẹni tó yẹ ọmọ rẹ̀.

Nígbà tí Baálẹ̀ wàjà, ìdílé Ezekiel, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ni oyè kàn. Gbogbo àdúgbò ló mọ̀. Ṣùgbọ́n Iyìọlá, kọngílá tó mọ àwọn èèyàn nínú ìjọba, ni àwọn afọbajẹ mú. Àwọn kan tó ń ti Ezekiel lẹ́yìn bá tọ Ògúnwọlé lọ.

Wọ́n ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣáà jẹ́ kí ọwọ́ yín yọ̀. Ẹ̀jẹ̀ kékeré báyìí, bí ìgbà tí ẹ̀fọn jẹni.”

Ó kọjú sí géètì tó ń jó. Olóyè Fágbèmí gbọ́, ó sì ránṣẹ́ pè é lọ́sàn-án ọjọ́ Ìsinmi. Àwọn méjì péré ló wà nínú yàrá.

“Ọmọ Onídà, jókòó. Ìwọ àti Gbémi, mo mọ̀.”

Ògúnwọlé dọ̀bálẹ̀.

“Dìde. Bí obì bá là lọ́wọ́ Iyìọlá tí ẹ̀jẹ̀ kò jáde, ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e ni kí o kó àwọn èèyàn rẹ wá. Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀.”

“Ẹ ṣé, bàbá.”

Kò mú ẹlẹ́rìí kankan dání. Lójú rẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹnu olórí afọbajẹ ju ẹlẹ́rìí lọ. Lóru ọjọ́ náà, ó sọ fún ara rẹ̀ pé ọ̀ràn oyè kì í ṣe ọ̀ràn òun, pé idà ò kúkú mọ ẹjọ́. Ó mọ̀ pé irọ́ ni.

Ọjọ́ pé. Wọ́n ta kánópì yí ìta ká. Iyìọlá tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, wọ́n gbé obì lé e. Ògúnwọlé yọ idà, ó gbé e sókè, ó sì sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Obì là. Àtẹ́lẹwọ́ Iyìọlá mọ́ bí àwo tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Ìta hó yèè. Onídà bẹ̀rẹ̀ sí í yí ìta ká.

Ẹ̀ẹ̀kejì ló ń yí i lọ nígbà tí Olóyè Fágbèmí dìde, tó gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn.

“Inú mi dùn lónìí. Kí okùn ilé wa àti ti Baálẹ̀ lè yi, mo fi ọmọ mi, Gbémisọ́lá, fún Nathaniel, àkọ́bí Baálẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá ní ọ̀rọ̀ lórí ọmọ yìí, kó sọ ọ́ níwájú gbogbo ìlú.”

Ìgbà yẹn ló yé Ògúnwọlé. Bí ọkùnrin náà bá ti sọ ọ́ kí obì tó là, ẹ̀jẹ̀ ì bá jáde. Bó bá sì dúró kí idà wọ àkọ̀, Onídà ì bá fọhùn. Àárín méjèèjì ló ṣọ́.

Gbémisọ́lá dìde lórí àga rẹ̀. Kò wo bàbá rẹ̀, kò wo Nathaniel. Ògúnwọlé ló ń wò. Ọ̀rọ̀ kan péré ti tó láti gba obìnrin náà, kó sì gba oyè kúrò lọ́wọ́ ẹni tí kò tọ́ sí. Ó kún ẹnu rẹ̀. Ó rántí bàbá rẹ̀, ó rántí ewé kókò, ó sì gbé ẹsẹ̀ tó kàn. Ẹ̀ẹ̀kẹta. Ẹ̀ẹ̀kẹrin.

Gbémisọ́lá dúró títí Onídà fi yí i lẹ́ẹ̀karùn-ún. Lẹ́yìn náà ló sọ pé, “Mo gbọ́, bàbá mi,” ó sì jókòó.

Oṣù méjì lẹ́yìn ìgbéyàwó òun àti Nathaniel, Gbémisọ́lá yà sí ṣọ́ọ̀bù Ògúnwọlé ní Ìkàrẹ́.

“Gbémi, o mọ èèwọ̀ náà,” ni Ògúnwọlé wí.

“Mo mọ̀ ọ́n. Ìdí nìyẹn tí mo fi dìde. Mo fẹ́ mọ èyí tó wúwo jù lọ́wọ́ rẹ nínú èmi àti irin.” Ó fa gèlè rẹ̀ le. “O ti sọ fún mi.”

“Jẹ́ kí n ṣàlàyé.”

“Ìsinsìnyí lo wá fẹ́ sọ̀rọ̀?”

Nígbà tó lọ tán, Ògúnwọlé gbé idà náà tọ àwọn àgbà lọ, ó ní kí wọ́n wá ọwọ́ mìíràn fún un. Olóyè Fágbèmí ló dá a lóhùn, pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́, pé láti ìgbà ìwáṣẹ̀, ọmọ ẹni ló ń gba idà lọ́wọ́ ẹni.

“Ìwọ kò sì tíì bí ọmọ.”

Nítorí náà, ó gbé e padà sílé. Bí ọdún bá yípo, tí àyájọ́ ọjọ́ oyè náà bá dé, òun náà ló ń yọ idà níwájú Baálẹ̀ Iyìọlá, Gbémisọ́lá a sì jókòó láàárín àwọn ìyàwó ilé, ọmọ á wà lẹ́yìn rẹ̀. Bí Onídà bá ti yí i lẹ́ẹ̀méje tán, àwọn àgbà a máa mi orí, wọn a ní láti ìgbà tí wọ́n ti ń jẹ oyè ní Ẹsẹ̀-Òkè, kò tíì sí onídà tó mọ ẹnu pa mọ́ bíi rẹ̀.